Ọ̀bẹ Abìyẹ́ Tí Mo Tà

Mo ti rí ọ̀bẹ tó ní ìyẹ́. Mi ò purọ́. Ìyẹ́ méjì ló ní bíi ti àdán, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ojú ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ wá yọ láàárín wọn, ó lọ́ bí ejò tó ń sá lọ. Èèkù rẹ̀ jẹ́ orí kìnnìún tó la ẹnu, wọ́n sì fi dígí pupa ṣe ẹyinjú kìnnìún náà. Kí lèèyàn fẹ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gé? Ṣé ẹ̀fọ́ ni àbí ẹran? Bí o bá gbé e lé àlùbọ́sà, ìyẹ́ rẹ̀ á ti gún pákó kí ojú rẹ̀ tó kan àlùbọ́sà. Ẹni tó ṣe é kò gé nǹkan kan rí láyé rẹ̀, ẹni tó sì máa ń ra irú rẹ̀ kò ní gé nǹkan kan láéláé. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni mo dúró sí, èmi ọmọ ìyá ọlọ́bẹ. Mo fi bébà wé e, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ẹni tó rà á.

Ní ọjà Roxy, ní Adjamé, nílùú Abidjan, ni ìsọ̀ wa wà. Ìyá mi ló dá a sílẹ̀. Ó bá bàbá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí àwọn obìnrin ìlú wa yòókù ń ta abọ́, aṣọ àti bàtà rọ́bà, òun mú ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ nìkan, àti òkúta ìpọ́nbẹ. Àwọn Júlà, ẹ̀yà oníṣòwò ibẹ̀, tó ń kọjá a máa pè é ní múrù-musó, ìyẹn obìnrin ọlọ́bẹ, ó sì máa ń dá wọn lóhùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

"Ojú kọ́ ni wọ́n fi ń ra ọ̀bẹ," ó máa ń sọ fún mi. "Ọwọ́ ni."

Á ní kí n di ojú, kí n di èèkù mú, kí n sọ bóyá ọ̀bẹ náà fẹ́ wó síwájú ni àbí sẹ́yìn. Ó kọ́ mi láti wo ibi tí irin ti wọnú èèkù: ó gbọ́dọ̀ gùn dé ìdí. Ìṣó mẹ́ta lára èèkù, ó dára. Méjì, a lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo, ká dá a padà fún ẹni tó kó o wá, ká sì bi í pé kí la fi ṣe é. Ó tún máa ń fi èékánná ta ojú irin. Irin gidi á dáhùn, ohùn rẹ̀ á pẹ́ díẹ̀ létí. Irin burúkú á ké "kó" bí agolo mílíìkì, á sì dákẹ́. Ohun tó bá ń dán jù, ìyá mi kì í fọkàn tán an. Ó ní ẹni tó bá da epo sára tó bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń fi pa mọ́.

Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, ó padà sílé, mo sì jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó ku ọdún mélòó kan kí wọ́n tó já owó sẹfa wálẹ̀ nígbà náà. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ mẹ́ta. Àwọn oníbàárà tí mo jogún lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe aláwàdà. Àwọn obìnrin tó ń ṣe àtíẹ̀kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí gbogbo Abidjan ń jẹ, máa ń wá ra ọ̀bẹ kúkúrú tí wọ́n fi ń bó ẹ̀gẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n á ra mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá di ọdún kejì, wọ́n á mú ọ̀kan wá fi hàn mí, tí òkúta ti jẹ ojú rẹ̀ títí ó fi tín-ín-rín bí ewé koríko, wọ́n á ní, "Irú èyí la tún fẹ́." Àwọn alápatà ń wá. Àwọn obìnrin tó ń ṣa obì ní Anyama ń wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré ìlú náà, wá, àwọn tí wọ́n ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ibi tí kòkòrò ti jẹ lára obì láìba ìyókù jẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi mí rí bóyá ọ̀bẹ mi lẹ́wà. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé, bí ọwọ́ bá tutù, ṣé kò ní yọ̀?

Ọkọ mi ló kó ẹwà wọlé.

Olùtọ́jú ẹrù ni ní ilé-ìkẹ́rùsí kan nítòsí èbúté. Ènìyàn rere ni, mi ò lè sọ pé kì í ṣe ènìyàn rere, ṣùgbọ́n fídíò ti kó sí i lórí. Nígbà yẹn, àwọn yàrá fídíò wà káàkiri Adjamé, wọ́n á to bẹ́ǹṣì, wọ́n á gbé tẹlifíṣọ̀n sórí tábìlì, àwọn ọkùnrin á sì jókòó nínú ooru máa wo àwọn tó ń fò káàkiri tí wọ́n ń fi idà bẹ́ra wọn lórí. Ọkọ mi kì í pa Sátidé jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé páálí kan lé èjìká wá sí ìsọ̀ mi, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó gbé àbíkẹ́yìn bọ̀ láti ilé ìgbẹ̀bí.

"Ìyá wọn, wá wo ọjà," ó wí.

Ó gbà á lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Treichville. Ó ń kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Abìyẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó ní ojú méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí èèkù wà láàárín, tó fi jẹ́ pé bí o bá ń fi ti iwájú dẹ́rù ba ọ̀tá rẹ, ikùn ìwọ fúnra rẹ ni ti ẹ̀yìn ń nà sí. Òmíràn ní eyín ayùn lẹ́yìn. Mo fi eyín náà fa igi àpótí mi, kò yún nǹkan kan, ó kàn ń fọn bí ológbò. Òmíràn sì wà tí inú èèkù rẹ̀ ṣófo. O yọ ìdérí rẹ̀, o rí abẹ́rẹ́, ìwọ̀ ẹja àti ìṣáná mẹ́ta níbẹ̀.

"Kí ni ìwọ̀ ẹja ń ṣe nínú ọ̀bẹ?" mo bi í.

"Bí èèyàn bá sọnù sínú igbó, á lè wá oúnjẹ."

"Bàbá wọn, igbó wo ló wà ní Adjamé?"

Mo mú abìyẹ́, mo fi èékánná ta á. Kó. Mo di orí kìnnìún mú, mo sì di ojú ọ̀bẹ mú lápá kejì, mo mì ín. Ó ń mì jẹ́jẹ́ nínú èèkù bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká. Ìṣó kan ṣoṣo ló dì í mú, irin tó wọnú èèkù kò sì ju oríkèé ìka kan lọ. Mo rí i. Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé mo rí i.

"Ta lẹ rò pé yóò ra èyí?" mo wí.

"O ò rí ìsọ̀ rẹ ni? Ó dúdú bí ààrò," ọkọ mi wí. "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Gbé wọn kọ́ sókè, kí ẹni tó ń kọjá lè rí nǹkan tó máa dá a dúró."

Mo gbé wọn kọ́. Ìyàwó ni mí, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ó sì bí mi nínú pé òótọ́ ló sọ: wọ́n dá àwọn èèyàn dúró.

Àwọn wo ni wọ́n dá dúró? Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí àwọn òbí wọn jẹ́ ará ilé wa, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá ju bí wọ́n ti lè sọ ọ́ lọ. "Táńtì, èyí choco gan-an!" wọ́n á wí, ìyẹn ni pé ó bóde mu. Wọ́n á dì í mú bí wọ́n ti rí i nínú fídíò, wọ́n á dijú kan, wọ́n á fi gé afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ọ̀bẹ yẹn lè gé. Àwọn obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ á dúró wò wọ́n, ọ̀kan nínú wọn á pòṣé, á sì bi mí bóyá wọ́n ti jẹun láàárọ̀.

Ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá, ó wọ kóòtù, ó ra eléyín ayùn. Ó ní orí tẹlifíṣọ̀n ní sàlọ́ọ̀nù òun lòun fẹ́ gbé e sí. Ó bi mí bóyá ojúlówó ni. Mo ní irin ni. Èyí kì í ṣe irọ́, agolo náà irin ni. Kò pé oṣù kan tí ìyàwó rẹ̀ fi wá, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ra oògùn. Ó fẹ́ ọ̀bẹ tó lè gé adìẹ. Mo bi í pé èyí tí ọ̀gá rà ńkọ́.

"Ó ti dípẹtà," ó wí. "Afẹ́fẹ́ òkun ni, tàbí kí ni. Mo ti fi aṣọ bò ó kí àlejò má baà rí i."

Mo ta ọ̀bẹ gidi fún un. Lẹ́yìn tó lọ tán, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Báyìí ni mo ṣe ń gbé nígbà náà: mo ń ta ìdọ̀tí, mo ń fi àwọn tó ń rà á ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì rò pé yẹ̀yẹ́ yẹn ló fi hàn pé ọwọ́ tèmi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá dé.

Oníṣòwò aṣọ ni ní Treichville. Ó ti lọ Mẹ́kà, nítorí náà gbogbo wa ń pè é ní Alhaji, ó sì kọ́ ilé sí Gonzagueville, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ sí i láti àárọ̀. Kò sí ohun tó rà rí tí kò rà nítorí kí ẹlòmíràn lè rí i. Aago rẹ̀ tóbi ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní rédíò mẹ́ta nínú pálọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀. Níbi ìkómọ àkọ́bí mi, ó dìde láàárín àwọn ènìyàn, ó ní kí àbúrò òun ṣọ́ra, pé ẹni tó fẹ́ ọmọ ọlọ́bẹ kò gbọdọ̀ sùn àsùnwọra. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi wà níbẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ará ilé ọkọ mi ló sọ ọ́ àti pé aṣọ tuntun ló wọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi ò gbàgbé.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí Iléyá pé nígbà tó wọ ìsọ̀ mi pẹ̀lú ọ̀rẹ́ méjì. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyàwó wa," ó wí, "ọ̀bẹ wo ló dára jù níbí? Àgbò mi tọdún yìí, ẹ ò tíì rí irú rẹ̀."

Mo mú ọ̀bẹ alápatà sílẹ̀. Ó gùn, ó dúdú, ìṣó mẹ́ta, èèkù igi. "Alhaji, ẹ wo èyí. Fífà kan ni, ó parí."

Ó fi ìka méjì gbé e bí ohun tí wọ́n yọ látinú gọ́tà.

"Kí n mú èyí jáde níwájú lèmọ́mù àti àwọn àlejò mi? Ṣé alápatà ni mí?"

Ojú rẹ̀ ti gòkè. Ó ti rí i. Oòrùn ń tan sí ẹyinjú pupa kìnnìún yẹn, ó sì ń wo Alhaji, Alhaji náà ń wò ó, bí ìgbà tí ará ilé kan náà rí ara wọn nílẹ̀ òkèèrè.

"Gbé ìyẹn wá."

"Alhaji, ìyẹn kò..."

"Kò kí ni?"

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kí n ní: "Kò lè gé ọrùn àgbò. Ìṣó kan ló ní. Ẹ óò jìyà, ẹran náà á sì jìyà." Ṣé nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni mi ò ṣe sọ ọ́? Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn fún ìgbà pípẹ́, pé ìyàwó kì í já ẹ̀gbọ́n ọkọ ní koro níta. Irọ́ ni. Mi ò sọ ọ́ nítorí pé mo fẹ́ kí ojú tì í. Mo ti ń rí i lọ́kàn mi bí agbádá rẹ̀ ṣe máa rí.

"Ó wà fún wíwò ju lílò lọ," mo wí, mo sì jẹ́ kí ohùn mi rẹlẹ̀.

"Ohun tó bá dùn-ún wò ló dùn-ún lò," ó wí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo wé e.

Lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, gbogbo wa lọ sí Gonzagueville. Àwa ìyàwó ilé, olúkúlùkù mú ọ̀bẹ tirẹ̀ dání, nítorí àwa la máa gé ẹran. Wọ́n ti so àgbò náà mọ́ ìdí àgbọn kan nínú iyanrìn. Alhaji kò sì parọ́ nípa rẹ̀: funfun láúláú ni, ìwo rẹ̀ ká bí okùn, ó ga dé ìgbáròkó mi. Ó ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ láìfòyà. Lèmọ́mù àdúgbò jókòó lórí àga, àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Alápatà kan tó jẹ́ Júlà, tí wọ́n pè láti wá bó awọ, lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Alhaji sì ti gba ayàwòrán láti Adjamé, kí wọ́n lè ya òun bí òun ṣe ń dúńbú.

Ó jáde nínú agbádá funfun, ó gbé abìyẹ́ sókè lórí ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó gbé ọ̀pá àṣẹ. Àwọn kan ṣe hà. Lèmọ́mù na ọwọ́.

"Alhaji, ẹ jẹ́ n wo ojú rẹ̀."

"Ó mú, Lèmọ́mù. Ó mú gan-an."

Alápatà náà na ọrùn wò ó láti ibi tó lóṣòó sí. "Nin tẹ múrù yé," ó wí. Èyí kì í ṣe ọ̀bẹ. Kò pariwo, bí ẹni tó ní òjò ti ń ṣú ló ṣe sọ ọ́. Àwọn tó gbọ́ Júlà rẹ́rìn-ín. Alhaji ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọkùnrin mẹ́rin tẹ́ àgbò náà sílẹ̀, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí gábàsì. Alhaji ká apá agbádá, ó pe orúkọ Ọlọ́run, ó sì fa ọ̀bẹ.

Ìyẹ́ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó há sínú irun ọrùn àgbò, ojú ọ̀bẹ kò sì kan awọ dáadáa, ó kàn ha á. Àgbò ta kìtì. Alhaji tẹ̀ ẹ́, ó tún fà, ìyẹ́ kejì yí wá, ó gé Alhaji fúnra rẹ̀ ní àtàǹpàkò. Ó ké "Yéè!", ó sì fi gbogbo agbára já a gbà. Ìṣó kan ṣoṣo yẹn ṣe ohun tí ìṣó kan ṣoṣo lè ṣe. Orí kìnnìún ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ọ̀bẹ dúró sínú irun àgbò, ó ń mì. Ẹ̀rù ba àwọn tó dì í mú, wọ́n tú ọwọ́, àgbò sì dìde. Ó gbọn ara, irin yẹn fò sínú iyanrìn, àgbò gba àárín àwa obìnrin kọjá, ó da abọ́ wa rú, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde sí títì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn. Nínú gbogbo rẹ̀, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ayàwòrán ké, "kláà."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀, èmi ni. Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyàwó ọ̀gá òṣìṣẹ́ yẹn, àmọ́ èyí ti pẹ́ nínú mi jùyẹn lọ.

Wọ́n bá àgbò náà létí títì, níwájú gbaka kan tó tẹ bíréèkì. Alápatà ló mú un padà. Irun ọrùn rẹ̀ ti pọ́n, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń mí bí ẹni tó sáré láti Anyama wá. Nígbà tó kọjá lọ́dọ̀ mi, ó fi ara gbá mi, mo sì rí ẹ̀jẹ̀ lára ìró mi. Ẹ̀rín mi dúró.

"Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀," Lèmọ́mù wí. "Ẹ fún un lómi ná."

Wọ́n fún un lómi. Ó mu. Gbogbo agbo ilé ń wo ẹran tó ń mu omi. Lèmọ́mù he orí kìnnìún nílẹ̀, ó yí i wò, ó wo ihò kékeré tí ìṣó wà tẹ́lẹ̀.

"Ta ló ta èyí?"

Alhaji ti fi etí agbádá wé ọwọ́. Ó na ọwọ́ kejì sí mi. "Ìyàwó àbúrò mi ni. Ẹ bi í! Òun ló tàn mí jẹ!"

"Èmi ni," mo wí.

"Ṣé o mọ̀ pé kò lè gé nǹkan?"

Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo mọ̀ pé ó fẹ́ kí n ní mi ò mọ̀. "Mo mọ̀."

"O sì tà á fún ẹni tó fẹ́ dúńbú?"

"Mo tà á, Lèmọ́mù."

Ó wò mí, ó wo Alhaji. Kò bú wa. Ó ní, "Ohun yòówù tó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì, ẹran yìí kò sí níbẹ̀." Ó wá na ọwọ́, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀bẹ.

Alápatà wo gbogbo ọ̀bẹ tó wà nílẹ̀, tirẹ̀ àti tiwa. Ó mú tèmi. Ó fi àtàǹpàkò kan ojú rẹ̀, ó mi orí, ó gbé e fún Lèmọ́mù lábẹ́ aṣọ kí ẹran má baà rí i. Mi ò lè wò ó. Mo gbọ́ ohùn Lèmọ́mù, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó ti parí.

Alhaji ti wọlé lọ. A gé ẹran, a pín in. Ìyáálé ilé, ìyàwó rẹ̀ àgbà, wá jókòó tì mí níbi tí mo ti ń gé ẹ̀dọ̀.

"O ò ṣeun," ó wí, kò gbójú sókè. Ó fa abọ́ ẹ̀dọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ní, "Òun náà kò ṣeun. Mo sọ fún un pé kó jẹ́ kí alápatà lo tirẹ̀."

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, ọkọ mi ní mo dójú ti ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní òótọ́ ni. Ó ń retí kí n jà, kí n ní òun ló kó páálí wá. Mi ò jà. Mo kàn sọ fún un pé ohun tí mi ò bá lè mú lọ sí ilé ìdáná mi, mi ò ní tà á mọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo já gbogbo wọn lulẹ̀, mo sọ wọ́n padà sínú páálí, mo sì ti páálí sábẹ́ tábìlì. Ìsọ̀ mi tún dúdú bí ààrò. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń kọjá, wọn ò dúró mọ́, owó tí mo pàdánù níbẹ̀ kò sì kéré.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ayàwòrán yẹn tó wá. Ó ní Alhaji kò gba fọ́tò kan báyìí, pé kí n wò ó. Alhaji wà láàárín, ẹnu rẹ̀ là, orí kìnnìún wà ní ìkúùkù rẹ̀, kò sí ọ̀bẹ lẹ́nu kìnnìún. Ẹ̀yìn àgbò ti ń jáde nínú fọ́tò lápá kan. Ní igun rẹ̀, láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n di orí mú, obìnrin kan wà tó fi gbogbo eyín rẹ̀ síta. Mo ti rí ojú ẹni tó ń yọ̀ nígbà tí nǹkan ń bàjẹ́, àmọ́ lára ẹlòmíràn ni mo ti ń rí i. Mo gba fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò fi han ẹnikẹ́ni, mi ò sì fà á ya.

Ayàwòrán bi mí bóyá ìyókù àwọn ọ̀bẹ yẹn ṣì wà. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ ohun tí wọ́n máa dì mú nínú sítúdíò òun, níwájú aṣọ tí wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú sí. Mo gbé gbogbo páálí fún un, pẹ̀lú àdéhùn pé ọ̀kan nínú wọn kò gbọdọ̀ jáde kúrò níbẹ̀. Ó ti tó ọdún púpọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí fọ́tò ọ̀dọ́kùnrin Adjamé kan láyé ìgbà yẹn, tó fajú ro, tó gbé ọ̀bẹ olójú méjì sáyà níwájú ọkọ̀ òfuurufú, ọjà mi ni. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún nìyẹn. Ó ń dẹ́rù ba bébà.

Alhaji kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọdún fi yí po. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á dáhùn sí ògiri. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí Iléyá tún ń bọ̀, mo gbójú sókè, òun ni mo rí. Kò mú ọ̀rẹ́ kankan dání. Ó jókòó sórí àpótí tí mo fi sílẹ̀ fún oníbàárà, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀.

"Ìyàwó," ó wí, "mú ọ̀bẹ kan wá. Lèmọ́mù ní kí n mú un wá fún òun yẹ̀ wò kí ọjọ́ tó pé."

Mo mú ọ̀bẹ alápatà. Ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Àtàǹpàkò rẹ̀ ní àpá tín-ín-rín kan.

"Ṣé kò sí èyí tí èèkù rẹ̀ yẹ́lò?"

Ẹ rí i bí ọkùnrin yìí ṣe rí. Mo ní kò sí.

"Kò burú," ó wí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wé e nínú bébà sìmẹ́ńtì. Ó ń wo àwọn tó ń kọjá, ó wá sọ ọ́ láìyí ojú sí mi: "O rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo rí ọ."

Ọwọ́ mi dúró lórí bébà. "Mo rẹ́rìn-ín, Alhaji. Mo sì mọ̀ kí n tó tà á. Ẹ dárí jì mí."

Ó gba ọ̀bẹ, ó fi í há abíyá, ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn agbádá rẹ̀.

"Ká ní ìwọ ni," ó wí, "èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín."

Ó sọdá títì láàárín àwọn gbaka, ó ń na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dúró fún òun, kò sì sí ọ̀kan tó dúró.